Ìwé Kúrò-Nílé fún Àwọn Aáyán

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí ènìyàn bá tan iná ilé ìdáná lójijì, aáyán á sá. Àdéhùn tó wà láàárín àwa àti wọn nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́: àwa á tanná, àwọn á sá, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí Akọ̀wé tanná láti gbé omi tíì kaná, aáyán mọ́kànlá ló bá lára ògiri, kò sì sí èyí tó sá nínú wọn. Wọ́n dúró lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọjú sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ìwo tín-ín-rín orí wọn ń lọ sókè sódò, bí àwọn ènìyàn tó kóra jọ síwájú pátákó ìkéde.

Akọ̀wé bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tí wọ́n ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn kì í ṣáà lu ẹni tó ń kàwé.

Ohun tí wọ́n ń wò, òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

Akọ̀wé ni gbogbo ojúlé ń pè é, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn onílé mójútó ilé wọn. Ìwé kúrò-nílé gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń kọ ọ́ fún àwọn ayálégbé, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ọ́fíìsì fi máa ń sọ pé bí ó bá kọ lẹ́tà ìfẹ́, ẹni tó bá kà á á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ná. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà àfi lórí ìwé.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ onídìrí, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ń gbé yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbà tí oorun bá gbé e lọ kí ilé tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, ọ̀rọ̀ ti ń gé mọ́ ọn lẹ́nu. Á sọ ọ́ dé ìdajì, àyà rẹ̀ á máa dún fìì, fìì, èjìká rẹ̀ á máa gòkè bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Dókítà ní ásímà ni. Ó wá bi wọ́n léèrè pé ṣé aáyán wà nílé. Tọkọtaya náà wo ara wọn, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ìgbẹ́ wọn," ni dókítà wí, "awọ tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, àti ekuru òkú wọn. Ohun tó ń dí ọmọ yín lọ́fun nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ títí ilé á fi mọ́."

Bí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe dèrò ilé ìyá àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, ní òdìkejì ìlú nìyẹn. Láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, fóònù á dún.

"Bàbá mi, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ń palẹ̀ mọ́."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Ẹrù wọn ló pọ̀."

Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á di ikọ́, ìyá àgbà á sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn kò sì ká ọwọ́ gbera o. Wọ́n kó gbogbo páálí àtijọ́ dànù, nítorí inú páálí ni aáyán fẹ́ràn láti máa yé ẹyin sí. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò tí páìpù gbà wọlé. Wọn kì í fi àwo kan sílẹ̀ láìfọ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń nu ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo gbẹ, nítorí aáyán lè fara da ebi ju bí ó ṣe lè fara da òùngbẹ lọ. Wọ́n po ẹ̀tù apakòkòrò mọ́ ṣúgà, wọ́n bù ú sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Wọ́n fín oògùn títí àwọn fúnra wọn fi ń rìn tagẹ̀tagẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí aáyán kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ti àjà òkè á gba ẹnu páìpù sọ̀ kalẹ̀, nítorí àwọn ará òkè ní tiwọn ní aáyán tó wà nílé àwọn kò yọ àwọn lẹ́nu.

Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, Akọ̀wé jókòó nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fíìsì, ó sì fi àwàdà dá ara rẹ̀ lára yá. Ó ṣí ìwé kúrò-nílé tuntun. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ayálégbé, ó kọ ọ́ pé: *Gbogbo aáyán ilé ìdáná, tọmọdé tàgbà.* Ó fún wọn ní ọjọ́ méje. Kò yọ ìlà tó ní kí ayálégbé gbá ilé mọ́ kó tó jáde. Ó wá ku ibi tí wọ́n ń kọ ìdí sí. Ohun tí ó máa ń kọ síbẹ̀ ni pé onílé fẹ́ lo ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó wo àyè náà fún ìgbà díẹ̀, kò sì rántí àwàdà mọ́. Ó kọ ọ́ pé: *Ọmọ mi kò lè mí níbẹ̀.*

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́rìndínlógún ti da ọ̀rọ̀ rú. Láìronú, ó tì í sáàárín àwọn ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá kì í ka ìwé. Ó gbà pé bí òun bá kà á, ó di dandan kí òun lérò kan nípa rẹ̀. Nígbà tí ìwé fi máa padà láago mẹ́rin, ọ̀gá ti buwọ́ lù ú, òǹtẹ̀ pupa ti wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní nọ́ńbà. Ìwé àwàdà ti di ìwé òtítọ́.

Akọ̀wé mú un lọ sílé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i lọ́jọ́ Sátidé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. "Ẹ lẹ̀ ẹ́," ló ń wí. "Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ sáà lẹ̀ ẹ́. Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ti lé ènìyàn títí lè rí aáyán lé." Akọ̀wé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, nítorí òfin ní kí a lẹ ìwé síbi tí ayálégbé á ti rí i.

Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n kà á. Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ pè é láti ilé ìdáná. Kò pariwo. Bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnìkan ló ṣe pè é.

"Ẹ wá wò ó."

"Kí ni?"

"Wọ́n ti buwọ́ lù ú."

Nísàlẹ̀ ìwé, lórí ìlà tí ayálégbé máa ń buwọ́ lù, ihò wíwẹ́ mọ́kànlá wà níbẹ̀, ó tò gbọọrọ, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìlà náà kò wọ́. Akọ̀wé ti rí àwọn ènìyàn ńláńlá tí ìbuwọ́lùwé wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kò ṣeé yọ mọ́. Tí ayálégbé bá ti buwọ́ lù ú, ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ."

"Mo gbọ́ ọ," ló fèsì.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ṣúgà tí wọ́n dà sí kọ̀rọ̀ wà bí wọ́n ṣe dà á. Ẹyọ kan kò yẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìró kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ pa ìwé gbígbẹ pọ̀, ó sì ń lọ láìdúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n rí ohun tí ìró náà ń ṣe. Òkìtì kékeré kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn: awọ aáyán, ẹsẹ̀ gbígbẹ, ìyẹ́ apá, èèpo ẹyin, ìgbẹ́ wọn tó dàbí ẹ̀tù tíì. Ekuru ọdún gbọọrọ, láti inú kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé láéláé, ni wọ́n ti gbá jáde tí wọ́n sì kó jọ sójú kan ṣoṣo. Ìyàwó Akọ̀wé fi aṣọ bo imú, ó kó o sínú ọ̀rá. Ẹ̀rù àjèjì kan wà lójú rẹ̀, irú èyí tí ìrètí wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, láago mẹ́rin ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, wọ́n jáde.

Tọkọtaya náà ti gun àga, kálukú lórí tirẹ̀. Àwọn àgbà ló ṣíwájú, àwọn tó pọ́n tí ara wọn ń dán bí bàtà ọ̀gá. Àwọn abo tẹ̀lé wọn, àpò ẹyin wọn lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn kéékèèké, tí kò ì ní ìyẹ́, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Wọn kò sáré, wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá onílé tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀ dìde lójú ọ̀nà wọn, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé ìrù sáàárín ẹsẹ̀. Wọ́n gba abẹ́ géètì bọ́ sójú títì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì ni wọ́n fi ń kọjá, kò sì sí ìró kankan bí kò ṣe ìró ẹsẹ̀ wọn, bí òjò tó ń sẹ̀ sórí ewé jíjìnnà.

Èyí tó kẹ́yìn tóbi tó àtàǹpàkò. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó yí orí padà.

"Ẹ máa lọ láyọ̀ o," ni ìyàwó Akọ̀wé wí láti orí àga. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Aáyán náà mi ìwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá ti ẹ̀ lọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ padà wálé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lálẹ́ àkọ́kọ́, àwọn òbí rẹ̀ kò sùn. Wọ́n ń tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Kò dún. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta, aáyán kan kò sì gba ẹnu páìpù sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ọmọ ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, gbólóhùn rẹ̀ gùn bí ojú irin, ike oògùn tí ó máa ń fín sẹ́nu sì wà nínú dúrọ́ọ̀ láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀. Akọ̀wé sanra díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí iṣẹ́. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún, kí sì ni onítọ̀hún á fi dá wọn lóhùn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá ti jáde, àwọn yòókù sì ti lọ jẹun. Akọ̀wé nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Ó gbójú sókè, ọkùnrin kan sì ti wà nínú yàrá. Kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà gùn, ó tín-ín-rín. Ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ tíì líle, tó dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Irun ojú rẹ̀ méjèèjì gùn jáde ju ti ènìyàn lọ, wọ́n sì ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́. Òórùn páálí tó ti pẹ́ lábẹ́ ibùsùn ń jáde lára rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. Ohùn rẹ̀ dàbí ìwé gbígbẹ tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa pọ̀.

Akọ̀wé mọ ìró yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí fún odindi ọjọ́ kan. "Ẹ káàsán. Ẹ... ẹ jókòó." Ó na ọwọ́ sí àga tó wà lábẹ́ iná.

"Ẹ má ṣèyọnu." Àlejò náà ti wọ àlàfo tó wà láàárín kábíńẹ́ẹ̀tì àti ògiri, níbi tí ènìyàn kò lè gbà. "Ibí yìí há tó fún mi."

Ó mú ìwé kan jáde láti àyà rẹ̀. Ìwé kúrò-nílé tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná ni, òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ pé, wọ́n sì ti jẹ etí rẹ̀ yíká.

"A jáde lọ́jọ́ keje," ni àlejò wí. "A gbá ilé mọ́. Ohun tí ìwé sọ la ṣe."

"Ẹ ṣe é," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbálẹ̀."

"A dúpẹ́. Ìwé ẹ̀rí la wá gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì náà nìyẹn. Ayálégbé tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí á mú lọ bá onílé tuntun, kí wọ́n lè gbà á síbẹ̀.

"Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?" ni Akọ̀wé bi í. Ó rọra bèèrè.

Irun ojú àlejò dúró jẹ́ẹ́. "Inú gọ́tà la wà báyìí, sà, àwa àtàwọn ọmọ wa. Ẹni tí kò níbi tó ń lọ, ibi tó ti ń bọ̀ ló máa padà sí."

Akọ̀wé rí èjìká kékeré kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀. Ó ṣí ìwé ẹ̀rí tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

"Ṣé ọmọdé wà nílé tí ẹ ń lọ?"

"Kò sí. Ẹ̀yin lẹ kọ ìdí fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún wa rí. Oògùn ni wọ́n máa ń fín. Láti ọjọ́ tá a ti kà á, a ń bèèrè ká tó wọlé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni onílé?"

"Ẹ̀yin ni."

Akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ayálégbé lèmi náà. N kò nílé."

"Ẹ máa ní in," ni àlejò wí, bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. "Yàrá mẹ́ta, fèrèsé gbòòrò. Ìkángun ilé ìdáná la fẹ́. Ẹ ò tíì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwa kì í pẹ́ mọ ilé. Ẹ kọ ọjọ́ tá a máa wọlé síbẹ̀." Ó sì sọ ọjọ́, ó sọ oṣù, ó sọ ọdún.

Akọ̀wé ṣírò. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí i. Òun á ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọmọ rẹ̀ á ti di ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, iye ọdún tí òun alára jẹ́ lónìí.

"Ọmọ mi," ló wí, "ṣé ó... lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó wà?"

"Ó wà níbi tó jìnnà. Òkè ló ń gùn. Òkè gidi, sà, kì í ṣe àtẹ̀gùn."

"Ó sì ń mí?"

"Ó ń mí, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gun òkè ti bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó pẹ́ kó tó rántí pé ìbéèrè kan ṣẹ́ kù, èyí tó wà lórí ìwé níwájú rẹ̀: *Iye ènìyàn tó ń gbé ilé náà.*

"Ènìyàn mélòó ni kí n kọ?"

"Ẹnìkan, sà."

Fáànù òkè ń yí.

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

Àlejò fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn. "Ilé tí obìnrin yẹn bá wà, sà, a ò jẹ́ wọ̀ ọ́. A mọ bó ṣe ń tọ́jú ilé. Ó sì dágbére fún wa nígbà tá à ń lọ. A ò gbàgbé."

"Ẹ fi ọdún kún un," ni Akọ̀wé sọ kíákíá, bí ó ṣe máa ń bá àwọn onílé dúnàádúrà fún ayálégbé tí àánú rẹ̀ bá ṣe é. "Ẹ fi mẹ́wàá kún un. Ẹ fi márùn-ún."

"Àwa kọ́ la yan ọjọ́ náà. A kàn mọ̀ ọ́n ni." Ohùn gbígbẹ náà wá rọ̀ díẹ̀. "Kò dáa kí àgbà ọkùnrin dá wà nínú ilé tí nǹkan kan kì í rìn nínú rẹ̀. A ò ní yọ yín lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá tanná, a ò ní sá."

Akọ̀wé tẹ ìwé náà jáde. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé ayálégbé dáadáa ni wọ́n, pé wọ́n mọ́ tónítóní, pé wọ́n ń pa àdéhùn mọ́. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì nà án sínú àlàfo náà. Nǹkan kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó tẹ̀ síwájú wò ó, kábíńẹ́ẹ̀tì ló rí, àti ògiri. Àlàfo àárín wọn kò ju ìbú ìka méjì lọ.

Kò dúró de aago márùn-ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ọ́fíìsì kó tó tó àsìkò.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dirun fún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ọmọ ń ròyìn bí tíṣà wọn ṣe wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sí kíláàsì, àti ohun tí ẹnìkan sọ, àti ohun tí òun náà sọ. Akọ̀wé kò wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì.

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Kí lẹ ń wò?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sún díẹ̀ lórí àpótí kí àyè lè gba ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé dìde, ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi tí tíṣà ti wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń bọ̀ níbẹ̀. Kò dánu dúró láti mí.